Bọ́lá Ọmọ Adébùnmí

Ẹnjiníà ni Ẹkúndayọ̀ ọkọ mi, ní iléeṣẹ́ ìfọpo kan ní Deer Park, ní Amẹ́ríkà níbí. Iná kò bà á lẹ́rù, gáàsì kò bà á lẹ́rù. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kì í jẹ́ kó sùn. Bí wọ́n bá gbé ẹrù wá sílé wa ní Cypress, á fi àlùmọ́gàjí gé orúkọ wa kúrò lára páálí kó tó jù ú nù. Bó bá ń ra kọfí, Carlos ló máa ń ní òun ń jẹ́. Mo fara mọ́ ọn, torí pé wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi rí, ọkùnrin tí kò mọ̀wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló bí mi nínú. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ, ìyá tó bí mi ti kú, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá ọkọ mi nìkan ni mo gbójú lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù wọ́n ní Èkó, ẹ̀ẹ̀kẹta sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Aládùúrà ni wá. Tí a bá ń gbàdúrà fún ènìyàn, a máa ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ ìyá tó bí i, kí àdúrà má baà ṣìnà. Màmá Evelyn, aṣáájú àwọn aládùúrà ìjọ wa, kọ ọ́ sórí WhatsApp ìjọ: "Brother Dayọ̀, ẹ send full name Mama, orúkọ ìyá wọn, àti date of birth, ká lè start fasting."

"Igba èèyàn ló wà lórí group yẹn," ọkọ mi wí. "Orúkọ ìyá mi ni bank fi ń dá mi mọ̀. Mi ò lè post ẹ̀."

Ló bá fi èyí ránṣẹ́: Bọ́lá ọmọ Adébùnmí, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Irọ́ ni látòkèdélẹ̀. Olúwafúnmiláyọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́.

"Dayọ̀, ta wá ni à ń gbàdúrà fún?"

"Wùmí, Ọlọ́run mọ ẹni tó wà lọ́kàn mi. Àwọn scammer ni mi ò fẹ́ kó mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko la fi gbààwẹ̀. Gbogbo ìjọ ń ké pe Bọ́lá ọmọ Adébùnmí, ohùn ọkọ mi ló sì ròkè jù. Ó dùn mí dọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi náà ṣe àmín.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyá pè wá. Wọn kò fún wọn ní físà.

"Àmọ́ ẹ bá ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà yọ̀," ni wọ́n wí. "Wọn ò bi í ní nǹkan kan tí wọ́n fi fún un. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ ohun tó gbé òun débẹ̀. Bọ́lá ló ń jẹ́, Adébùnmí ló bí i, ọjọ́ ọdún tuntun. Kò mọ ẹnì kankan ní Amẹ́ríkà, mo bá fún un ní address yín."

Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi.

Ọmọ wa, Olúwatọ́mi, ti pé ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí obìnrin kan kanlẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì méjì.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn?" ó bi wá. "Mo ń ta bàtà mi jẹ́jẹ́ ní Ṣágámù, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ní tiwa, ẹyẹ àkókó gan-an la pè. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, torí ó ti rẹ̀ mí. Àǹtí Bọ́lá mọ ọmọ wẹ̀ dáadáa, mo sì ń wò ó, mo ń sunkún, torí pé ẹni tí mo fẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ ṣì wà ní Èkó.

Ọkọ mi jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Dayọ̀," ni wọ́n wí, "o wá fi mí pamọ́ fún Ọlọ́run?"

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé Màmá Evelyn, ó sì rọra sọ orúkọ ìyá rẹ̀ gangan sí wọn létí. A kò tíì dé orí freeway tí fóònù wa fi dún. Màmá Evelyn ti fi gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp ìjọ: orúkọ, orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí, àti fọ́tò. Mo rò pé ọkọ mi yóò figbe ta. Ó páàkì, ó wò ó pẹ́, ó wá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: Àmín.

Nígbà tí a délé, ó pe báńkì pé kí wọ́n yí orúkọ ìyá tí wọ́n fi ń dá òun mọ̀ padà. Irọ́ tó yẹ kó ti pa fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wá ń pa fún wọn.

"My mother's name is Bọ́lá," ó wí. Wọn kò gbọ́. Ó gbóhùn sókè: "Bọ́lá!"

"Mo ń bọ̀, ọmọ mi," Àǹtí Bọ́lá dáhùn láti balùwẹ̀. "Jẹ́ kí n nu ọmọ lára ná."