Ogún Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́ Ẹ́ńjìnnì Màmá Agbẹ̀bí

4. (ìyókù rẹ̀)

…nítorí náà, bí o bá ń ka èyí, tí o ò sì rántí pé ìwọ lo kọ ọ́, fọkàn balẹ̀. Ìwọ lo kọ ọ́. Wo bí ìlà ṣe wọ́. Ta ló tún ń kọ̀wé burúkú báyìí?

Mo ti ya ojú ìwé kìíní dé ìkẹta dànù. Àánú ara mi ti pọ̀ jù nínú wọn.

5.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ní ṣókí, fún èmi tí màá jí lọ́la:

Ní oṣù méje sẹ́yìn, ṣéènì tí a fi gbé ẹ́ńjìnnì kan sókè já. Ẹ́ńjìnnì ò bà mí. Ìkọ́ ṣéènì ló gbá mi lórí. Látìgbà náà, ohun àtijọ́ wà lọ́kàn mi digbí. Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti tú rí, mo lè ka bóòtù wọn fún ẹ. Ohun àárọ̀ yìí ni kì í dúró. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ìyá mi ì bá sọ bẹ́ẹ̀ náà láìlọ sí yunifásítì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa jókòó ti fóònù, kí n máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Èmi, tí mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó dùn mí dé egungun.

(Nínú ìwé yìí, "ó" ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni. Kò gbọdọ̀ rí ìwé yìí.)

6. ÌWÉ TÍ Ẹ̀GBỌ́N MI LẸ̀ MỌ́ FÈRÈSÉ

ÀKÍYÈSÍ

Àbúrò mi nìkan ni yóò to ẹ́ńjìnnì Màmá Agbẹ̀bí.
Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́.
Kí ẹnikẹ́ni má bi í bóyá ó rántí.
Bí ẹ́ńjìnnì náà bá sítáàtì, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú láìbàjẹ́, màá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un.
Bí ó bá bàjẹ́, fóònù ni.

— Ọ̀GÁ

7.

Màmá Agbẹ̀bí ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n gbẹ̀bí fún ogójì ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èmi gan-an, ọwọ́ wọn ni mo bọ́ sí. Lẹ́tà wọn rèé:

*Ọmọ mi, ọkọ mi ra ọkọ̀ yìí nígbà tí ara wa ṣì le. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ tóbi tó àpótí aṣọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ru ẹyin ni bàbá ṣe wà á fún ọgbọ̀n ọdún. Mi ò jókòó sídìí sítíárì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Bàbá ti lọ sinmi. Ó ku èmi àti òkè tó wà níwájú ilé mi. Mo fẹ́ gun òkè yẹn kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé mo gùn ún. Fi agbára kún un. Bí wọ́n bá ní mo ti dàgbà jù, sọ fún wọn pé èmi ni mo gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ́wọ́ nígbà tí wọn ò tíì wọ ṣòkòtò.*

8.

OHUN TÓ JÁDE: písítìnì mẹ́jọ tó ti gbó. Kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì. Ọ̀pá kámù àtijọ́. Òkú eku kan.

OHUN TÓ WỌLÉ: písítìnì mẹ́jọ tó sanra ju ti àtijọ́ lọ. Kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin. Fáàfù ńláńlá. Ọ̀pá kámù tuntun.

Ọ̀pá kámù ló ń ṣí fáàfù, òun náà ló ń pa á dé. Bí etí rẹ̀ bá ga sí i, fáàfù á ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ àti epo á ya wọlé, agbára dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi gírísì kùn ún dáadáa kí a tó dé e mọ́nú. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sinmi: ogún ìṣẹ́jú gbáko, lórí eré gíga. Bí kò bá sí gírísì, irin á jẹ irin. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti wọgbó.

9.

Mi ò ya wèrè o. Mo kàn ń gbàgbé ni.

10.

Ajé [✓] písítìnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ
Ìṣẹ́gun [✓] bóòtù ìsàlẹ̀, ọ̀dà funfun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan
Ọjọ́rú [   ] gírísì ọ̀pá kámù
Ọjọ́rú [✓] ọ̀pá kámù wọlé
Ọjọ́bọ̀ [✓] orí ẹ́ńjìnnì méjèèjì
Ẹtì [✓] ìdérí àárín [✓] kábúrétọ̀
Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá àárọ̀: Màmá ń bọ̀. A ó jí ẹ́ńjìnnì lójú oorun.

11. Àbámẹ́ta, aago méje ààbọ̀

Mo ti rí i. Àpótí kan ṣófo nínú àkọsílẹ̀ mi, ti gírísì Ọjọ́rú.

Bóyá mo fi gírísì sí i, mo gbàgbé láti sàmì. Bóyá mi ò fi sí i rárá. Mo wo agolo gírísì: ó dé ìdajì. Ìdajì ti ìgbà wo? Mo di ojú, mo wá Ọjọ́rú kiri nínú orí mi. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Gbogbo rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìdérí. Bí mo bá tú u, ẹ̀gbọ́n mi á mọ̀ pé mi ò rántí. Bíírò sì wà lápò mi.

12.

Ọkùnrin kan dúró síwájú ẹ́ńjìnnì kan. Ó sàmì sí àpótí tó ṣófo.

Ó pa á rẹ́.

Ó ki bíírò bọ àpò, ó mú sípánà.

13. FÓÒNÙ

7:52 Èmi: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò rántí bóyá mo fi gírísì sí ọ̀pá kámù. Mo fẹ́ tú u wò.

7:53 *(ó ń tẹ̀wé)*

7:55 *(kò tẹ̀wé mọ́)*

8:20 Ẹ̀gbọ́n: Mò ń bọ̀. Má tíì tú u.

8:20 Èmi: Mo ti tú u.

14.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Gírísì wà níbẹ̀. Dúdú, ó nípọn, ó dé gbogbo etí kámù pátá, bí mo ṣe máa ń ṣe é láti kékeré. Ọwọ́ mi ti ṣe é, kò kàn sọ fún orí mi ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀.

Mo tún wò ó.

Lórí dúdú, pupa wà.

Èmi kì í lo gírísì pupa. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó ní ṣọ́ọ̀bù yìí.

15. RẸ̀KỌ́DÀ (dókítà ní kí n máa gba ọ̀rọ̀ pàtàkì sílẹ̀)

ÈMI: Gírísì yín rèé.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i.

ÈMI: Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi kọ́ ni ẹnikẹ́ni.

ÈMI: Ẹ ò fọkàn tán mi.

*(Báàgì kan ṣí.)*

Ẹ̀GBỌ́N: Gbà. Kà á.

16. OJÚ ÌWÉ KAN LÁTI INÚ BÁÀGÌ Ẹ̀GBỌ́N MI

Ajé, lẹ́yìn tó lọ: mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí àléébù.
Ìṣẹ́gun: kò sí.
Ọjọ́rú: ó ti fi gírísì sí i dáadáa. Mo tún fi tèmi lé e. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.
Ọjọ́bọ̀: bóòtù kan ṣì dẹ̀. Mo dè é le.
Ẹtì: kò sí.

17. RẸ̀KỌ́DÀ

ÈMI: Àṣìṣe kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹyọ kan.

ÈMI: Ó ṣì jẹ́ àṣìṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò, nígbà tí orí rẹ pé pérépéré, mẹ́ta-mẹ́ta lo máa ń ṣe. Ta lo rò pé ó ń yẹ iṣẹ́ ẹ wò láti ogún ọdún?

ÈMI: Ẹ̀yin ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà lò ń yẹ tèmi wò. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní kí o fi mí sílẹ̀, pé mo ti so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ṣéènì dáadáa, ọjọ́ yẹn ni ṣéènì já. O ò rántí. Oṣù méje ni mo ti fẹ́ sọ ọ́.

*(Ẹnì kan ń sunkún. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ èwo nínú wa ni.)*

ÈMI: Ẹ bá mi di apá ibí yìí mú. Ẹ jẹ́ ká dé e padà.

18.

A dé e padà. Èmi de bóòtù, òun yẹ̀ ẹ́ wò. Òun de bóòtù, èmi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan nínú tirẹ̀ dẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé.

Màmá Agbẹ̀bí dé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì tuntun lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n bi wá bóyá ẹ́ńjìnnì ti ń rọbí.

19. ÌṢẸ́JÚ (ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí)

0 — Mo tẹ sítátà. Ó húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó jí.

1 — Ilẹ̀ ń mì. Màmá ń pàtẹ́wọ́, a ò gbọ́ ọ.

4 — Ọ́ìlì ń lọ. Omi ò gbóná jù.

6 — Ìró kan. Tíkí, tíkí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo ní fáàfù ni, kì í ṣe kámù.

9 — Ìró yẹn ti lọ.

11 — Ọwọ́ wa méjèèjì wà lórí kábúrétọ̀, a jọ di eré rẹ̀ mú.

13 — Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

14 — Ó ní òun ń lọ bu omi wá fún Màmá. Omi wà níwájú Màmá.

15 — Ó ti jáde. Kò bojú wẹ̀yìn.

16 — Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké. Ọwọ́ mi nìkan ló wà lórí rẹ̀.