Ọwọ́ Òsì Ẹ̀rọ Ìlagi

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ìyàwó mi kú. Àárọ̀ ni. Búrẹ́dì wà nínú ààrò, mo sì jẹ́ kí ó jóná.

Àwa méjèèjì la ni ilé búrẹ́dì wa. Èmi ni mo ń po ìyẹ̀fun, òun ni ó ń la igi. Àwọn tó bá kọ́kọ́ rí wa máa ń rò pé ayé ti dorí kodò: ọkọ kun ìyẹ̀fun lójú bí ẹni tó para, ìyàwó wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àáké. Òun ni yóò dá wọn lóhùn. "Ẹ jẹ́ kó máa po tirẹ̀. Bí mo bá gbé àáké fún un, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò là." Kò parọ́. Mo ṣubú lórí àkàbà nígbà kan, èjìká mi ọ̀tún sì yẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbé àáké kọjá etí mọ́.

Nígbà tí ó lọ, igi tí ó ti là kún abẹ́ páànù dókè. Mo fi ń dáná. Ààrò kò mọ̀ pé a ń ṣọ̀fọ̀, jíjẹ ló ń jẹ. Nígbà tí ó ku ìlà kan ṣoṣo lẹ́bàá ògiri, mo dúró. Igi tí ọwọ́ rẹ̀ là kẹ́yìn nìyẹn, mo sì pinnu pé n kò ní fi dáná. Ìtì igi pọ̀ nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò là á. Bí n kò bá rí ọ̀nà là á, nínú kí n fi ìlà yẹn dáná tàbí kí n ti ilé búrẹ́dì pa, n ó mú ọ̀kan.

Àbúrò ìyàwó mi ni ó gbọ́ pé obìnrin kan ń ta ẹ̀rọ ìlagi àlòkù. Awakọ̀ ni àbúrò yìí, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yẹn, ẹ kàn máa gbé igi sí i lẹ́nu ni. Á là á bí ẹni ń ya búrẹ́dì."

"Ṣé o ti rí i?"

"Mi ò tíì rí i o."

"Máa wakọ̀ rẹ."

Opó ni obìnrin náà, ó sì dàgbà jù mí lọ. Títí di òní, Ìyàwó Mẹkáníìkì ni àdúgbò ń pè é. Ilé rẹ̀ kéré, ó mọ́ tónítóní, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun igi fèrèsé rẹ̀. Ó mú wa lọ sẹ́yìnkùlé, ó ká tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Irin pupa kan ni, ó dúró lóòró lórí táyà méjì. Abẹ ńlá wà lókè rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá la igi. Ọwọ́ irin méjì yọ jáde lára rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Mo tẹ táyà, ó le. Mo wo abẹ́ rẹ̀, epo kò jò. Àbúrò ìyàwó mi fa okùn rẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìde.

"Ìyá, ẹ̀rọ yín dáa," mo ní. "Kí ló dé tí ẹ fi ń tà á?"

"Ẹni méjì ló ń lò ó, ọ̀gá, ó sì ti ku èmi nìkan." Ó gbá ọwọ́ irin òsì pẹ́pẹ́. "Èmi níbí, ọkọ mi lọ́hùn-ún. Àfi ká jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí abẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wa bá jọ̀ ọ́, á dúró. Ọwọ́ kan ò sáà gbé ẹrù dórí."

Mo wo ilẹ̀. Ẹnì kejì gan-an ni n kò ní.

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè máa yà láràárọ̀..."

"Láràárọ̀ lo wà lójú títì. Má tan ara rẹ."

Bí mo ti fẹ́ dúpẹ́ kí n padà sílé ni mo rí ibì kan láàárín ọwọ́ irin méjèèjì. Gbogbo ara ẹ̀rọ pupa, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ti ra àlòkù rí mọ ohun tí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń bò: irin tó ti sán. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń ha?"

"Mo fẹ́ rí ohun tí ẹ kùn mọ́lẹ̀ ni, Ìyá."

"Èmi? Ọwọ́ mi ò kan ọ̀dà o!"

Irin náà kò sán. Àwòrán méjì ló wà níbẹ̀. Nínú èkíní, ènìyàn kan ṣoṣo na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọwọ́ òsì di irin òsì mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ti ọ̀tún. Nínú èkejì, ènìyàn méjì dúró sídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì fa ìlà pupa kọjá lórí wọn.

Àbúrò ìyàwó mi ti rí i. Ó fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sanwó ká máa lọ."

Ohun tí ó ń sọ yé mi. Bí obìnrin yìí bá mọ̀ pé ẹnì kan lè lò ó, ó lè má tà á mọ́. Ìlà igi ẹ̀bá ògiri wá sí mi lójú. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò ní fẹnu kan búrẹ́dì tí a bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ la igi rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wá wo nǹkan."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì bíi ti àwòrán náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin méjèèjì láìfà. Lẹ́yìn náà ó ṣa èérún ọ̀dà tí mo ha sílẹ̀, ó wò ó, ó wo fèrèsé ilé rẹ̀.

"Ọ̀dà fèrèsé wa nìyí." Ó yíjú sí ẹ̀rọ náà. "Ó mọ̀! Ọkọ mi mọ̀!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹ̀rọ mú kí ó má baà ṣubú.

"Gbogbo ọdún yẹn! Nínú òjò, nínú oòrùn! 'Ìyàwó, jọ̀ọ́ wá bá mi di òsì mú, ẹ̀rọ yìí ò gba ẹnì kan.' Ọbẹ̀ mi á máa jóná lórí iná! Opùrọ́!" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Opùrọ́ ọkọ mi."

"Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ara yín, Ìyá, kò burú."

Àbúrò ìyàwó mi mí kanlẹ̀. "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà," ó rò pé òun rọra sọ ọ́.

"Ìwọ awakọ̀, pa ẹnu ẹ dé," obìnrin náà ní. "Kí ni n ó fi ẹ̀rọ ṣe? Gáàsì ni mo fi ń dáná. Ṣé igi ni mo ń bá a là tẹ́lẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ là ń sọ. Ẹ gbé e lọ, ọ̀gá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká la ẹyọ kan kó tó lọ."

A gbé ìtì kan sí i. Ìyá dúró lápá òsì, mo dúró lápá ọ̀tún. Mo mọ̀ pé àwòrán ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. A jọ tẹ̀ ẹ́. Abẹ sọ̀ kalẹ̀, igi náà ké, ó sì là sí méjì. Obìnrin náà kò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó ti tó," ó ní. "Ẹ lọ máa dá lo tiyín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá ẹ̀rọ náà lò. Ọwọ́ irin rẹ̀ kò ga ju ìbàdí lọ, èjìká mi kò sọ nǹkan kan. Ààrò gbóná dáadáa. Mo fi búrẹ́dì rán àbúrò ìyàwó mi sí obìnrin náà. Ìyá ní kí ó sọ fún mi pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, àti pé òun ti jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nìyí:

Àáké kan, èèkù rẹ̀ ti dán.

Bàtà rọ́bà, tòsì ti lu.

Ìbọ̀wọ́ ọ̀tún mẹ́ta. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn tòsì lọ.

Àbúrò kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ìlà igi kan lẹ́bàá ògiri, tí a kò fi dáná.