Ìbò Tí Sìdíkátù Fi Gbẹ̀san

Ọdún méjì gbáko ni Sìdíkátù fi gbé ìbínú sínú bí ẹni gbé ẹyín iná, kí rédíò tó fi ọ̀nà hàn án.

Bouaké, nílẹ̀ àwọn Baoulé, ni wọ́n bí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo sí, Àmọ̀sù, tó gbọ́ èdè Baoulé ju Yorùbá lọ, tó máa ń ra iṣu ní Djébonoua wá tà ní ọjà ńlá. Nígbà tí wọ́n gé owó séfà sí méjì, tí ìlú le koko, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àlejò ni wọ́n rí. Ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, òun lọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan, àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ìjọba, tó dínà dá Àmọ̀sù dúró. Wọ́n fa ìwé rẹ̀ ya, wọ́n ní Anago ni, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, wọ́n ní ayédèrú ni ìwé náà. Wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀gá wọn ní bí àgbà kan nínú àwọn Anago bá lè wá jẹ́rìí pé òun mọ̀ ọ́n, òun yóò fi í sílẹ̀.

Àlájì Ládépọ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ìlú náà rán lọ. Sìdíkátù tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ládépọ̀ wo Àmọ̀sù lójú kòrókòró, ó sì fi Faransé sọ pé, "Mi ò mọ ọmọkùnrin yìí rí."

Nígbà tí wọn yóò fi gbé Àmọ̀sù sọ sí ẹnubodè, wọ́n ti lù ú títí ojú rẹ̀ kan fi fọ́. Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá rẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, ló forí lé. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ládépọ̀ kó ẹrù tirẹ̀ sínú ìsọ̀ Àmọ̀sù, ìsọ̀ igun ọjà tí ojú Ládépọ̀ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́.

Sìdíkátù pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha. Wọ́n ní obìnrin tó ń ta abọ́ tánganran kò lè gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ta ni yóò bi Ládépọ̀ léèrè? Ilé Àgbà ló wà, ìgbìmọ̀ tó ń parí ẹjọ́ gbogbo Yorùbá Bouaké. Agboolé ló ń dìbò yan ìdajì wọn. Bàbá Ràímì, olórí ẹgbẹ́, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìdajì yòókù, ẹni tó bá sì mú, ó di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ládépọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ẹni tí ènìyàn kò fi joyè, ènìyàn kò lè rọ̀ ọ́ lóyè.

Àfìgbà tí rédíò sọ ọ́ pé ìjọba fẹ́ dá ilé aṣòfin àgbà sílẹ̀, pé wọn yóò dìbò yan àwọn kan, pé olórí orílẹ̀-èdè yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan àwọn ìyókù. Àríyànjiyàn gbòde. Níwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni. Sìdíkátù gbé ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ wọn.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀ ń jà lórí ilé tí wọn ò ní jẹ́ ká dìbò sí. Àlejò ni wọ́n pè wá. Ilé Àgbà tó jẹ́ tiwa ńkọ́? Kí ló dé tí a ò lè dìbò yan gbogbo wọn?"

Ọ̀rọ̀ náà mú wọn bí ìdẹ ṣe ń mú ẹja. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìsọ̀ tí kò dé, kò sí ilé ìsọmọlórúkọ tí kò ti sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ń sọ ẹ̀tọ́, ọkàn rẹ̀ ń wo ọrùn Ládépọ̀.

Màmá Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Òun nìkan ni obìnrin nínú Ilé Àgbà, Bàbá Ràímì ló sì mú un. Ó pe Sìdíkátù wọlé.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo mọ ibi tí o dojú kọ. Bó bá jẹ́ ìbò ni gbogbo rẹ̀, ọkùnrin wo ni yóò yan èmi? Ta ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ obìnrin? Nítorí eku kan, o fẹ́ dáná sun àká."

Sìdíkátù kúnlẹ̀. Obìnrin yìí ló kó oúnjẹ lọ fún Àmọ̀sù lójoojúmọ́ nígbà tó wà látìmọ́lé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Eku náà ti jẹ mí dé egungun."

"O ò sì ní dúró?"

"N ò lè dúró."

Bàbá Ràímì tako ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní ẹni tí kò wá ìbò nìkan ló lè wo ojú èrò kó sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé Faransé gbè sẹ́yìn Sìdíkátù, ó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ sí i ní àgbàlá ilé kéwú. Olúkúlùkù tó bá fẹ́ wọlé yóò dìde sọ̀rọ̀, èrò yóò bi í léèrè, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́.

Ọjọ́ pé. Ládépọ̀ wọ agbádá funfun, ó sọ iye ọdún tó ti lò ní Bouaké, ó sọ iye ìjà tó ti là. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sìdíkátù dìde.

"Àlájì, ẹ mọ àbúrò mi, Àmọ̀sù?"

Ládépọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ọmọ wa ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù.

"Kí lẹ wí fún jàndámù nípa rẹ̀?"

Ládépọ̀ wo Bàbá Ràímì, bàbá náà wolẹ̀.

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n!" Ó bú jáde. "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, ìwé tèmi ni wọn yóò béèrè! Ẹ̀rù ò bà yín rí ni?"

Àwọn kan mi orí. Ẹ̀rù ti bà wọ́n náà. Sìdíkátù rí i pé àánú fẹ́ máa ṣe wọ́n, ó sì yára ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.

"Ẹ̀rù bà yín, mo gbọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Jàndámù ló ní kí ẹ kó sínú rẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n ní kí èrò tò, àwọn ọmọ Ládépọ̀ méjì péré ló dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kékeré tò sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó gba àárín èrò kọjá, kò sẹ́ni tó yà fún un. Sìdíkátù wò ó títí ó fi jáde ní géètì. Ara tù ú, bí ìgbà tí ènìyàn yọ ẹ̀gún tó ti kẹ̀.

Ìgbà tó yíjú padà ló rí ìlà Màmá Àtọ́kẹ́. Àwọn obìnrin mélòó kan ni. Àwọn ìyókù ti tẹ̀ lé ọkọ wọn. Sìdíkátù sáré lọ dúró sí i, ṣùgbọ́n òun nìkan ò lè sọ ìlà náà di ogún; Màmá kò wọlé. Màmá Àtọ́kẹ́ ò bá a wí. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé.

Ládépọ̀ dá ìsọ̀ padà, Sìdíkátù sì to abọ́ tánganran rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọjà ń tà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàdíátù wá láti Bodokro, ọwọ́ rẹ̀ wú, ọkọ rẹ̀ ló fi igi lù ú. Ilé Àgbà tuntun, tí gbogbo ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn yàn, jókòó sí ẹjọ́ náà. Wọ́n gbọ́ ẹnu ọkọ, wọ́n ní kí ìyàwó padà sílé lọ bẹ̀ ẹ́.

Sìdíkátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó tún ìbò náà ṣe lọ́la, ó mọ̀ pé òun yóò tún un ṣe; ìkórìíra Ládépọ̀ kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ojú sókè wo obìnrin náà. Ó bá a gbé ẹrù rẹ̀.

"Ìyá wa, ibo là ń lọ?" Sàdíátù béèrè.

"Ilé Màmá Àtọ́kẹ́," ló wí. "Èmi ni màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀."