Ìwé Tó Ti Ìdó Wá

"Dá ìwé yẹn padà sínú àpò, Fúnkẹ́. Ọmọ náà wà lẹ́yìnkùlé."

Olúfúnkẹ́ kò dá a padà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ na ojú rẹ̀ bí ẹni ń na aṣọ ọmọ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fún un nílé ìwòsàn ní Ìdó, níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti ka gbogbo ohun tó jogún nínú ẹ̀jẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá rẹ̀. Òun náà ló pa Dára, àbúrò Olúfúnkẹ́, lọ́dún tó kọjá. Ìwé náà sọ pé gbòǹgbò àrùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ Olúfúnkẹ́. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú ti Jọmílójú, ọmọ Dára, náà.

Adégbóyè, ẹ̀gbọ́n wọn, rẹ ohùn sílẹ̀. "Sátidé yìí làwọn ará Ìtapàjí ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Wọ́n ti wádìí wa dé ọ̀dọ̀ àlùfáà. Wọ́n ní ṣé wèrè wà nínú ulé wa, ṣé adẹ́tẹ̀ wà. Wọn ò rí nǹkan kan. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá bá wọn wá a?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Jọmílójú nìkan ni mo fẹ́ sọ fún."

"Tí òun náà á sọ fún ọkọ rẹ̀! Ṣé ọ̀rọ̀ tó ti wọ kọ̀ǹpútà tún ṣeé kó padà ni?"

Ìyẹn náà ló ń ba Olúfúnkẹ́ lẹ́rù. Ibi méjì ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí nínú ìwé náà: àkọ́kọ́, kí wọ́n pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, èkejì, kí wọ́n fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀ nílẹ̀ òkèèrè tó ń wá oògùn. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní Ìkọ̀lé tí wọ́n ń gbé, obìnrin mélòó ni àrùn ọmú pa ìyá rẹ̀, tó tún pa àbúrò rẹ̀?

"Oṣù méje ni Dára fi mọ̀ kó tó sọ," Olúfúnkẹ́ rọra sọ. "Ọ̀já ló fi ń di àyà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pè wá nídìílé olókùnrùn, kí ọmọ òun má baà rọ́kọ fẹ́. Nígbà tó fi hàn mí tá a lọ sílé ìwòsàn, dókítà kàn mi orí pé ó ti pẹ́ jù."

Adégbóyè ṣí fìlà, ó ń wo inú rẹ̀.

Jọmílójú gbé omi wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, sà. Màmá, kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Àbí iṣu ìdána mi lẹ ti ń pín?"

Olúfúnkẹ́ mú bírò, ó fọwọ́ sí ibi àkọ́kọ́ nínú ìwé náà.

"Jókòó, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Tìrẹ náà sì ni."

Adégbóyè dìde. Olúfúnkẹ́ rò pé ó ń lọ ni. Ilẹ̀kùn ló lọ tì, ó padà wá jókòó.

Olúfúnkẹ́ ti ìwé náà sọ́dọ̀ Jọmílójú. "Ka èyí ná. Ohun tí kò bá yé ọ, bi mí. Ibi kejì, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tèmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀."

Ó sì gbé bírò náà sí àárín òun àti Jọmílójú.