Òjìji Kọ́ńpìnnì

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kú lójijì láàárín omi, ewéko sì rọ̀gbà yí wọn ká bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wọ́n láti àárọ̀. Jóṣúà awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ki apá bọ omi, ó sì ń fa koríko tí ó lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde.

“Ṣé kò sí ọ̀nì nínú omi yìí?” Ọ̀gá Godwin béèrè. Ó ti fi apá méjèèjì gbá àpò kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

“Ó wà, Ọ̀gá,” Jóṣúà dáhùn láìwẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n kì í jẹ ará Àkúrẹ́. Ó ní iyọ̀ wọn kéré.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dùnníolúwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Iwájú ọkọ̀ ni ó jókòó sí, ó kọjú sí Ọ̀gá Godwin gan-an, kò sì tíì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní èbúté Ìgbọ́kọ̀dá. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ojú náà bá máa yí padà.

Ẹgbẹ́ ayàwòrán wọn kì í ya ojú ènìyàn, wọn kì í sì í ya ilé ńlá. Òjìji ni wọ́n ń yà: òjìji agbọ̀n lára ògiri ọjà, òjìji kẹ̀kẹ́ tí ó gùn ju kẹ̀kẹ́ lọ, òjìji ẹ̀wù tí a sá sórí okùn tí ó ń jó nílẹ̀ bí ẹni tí kò ní egungun. Ọ̀gá Godwin ni olórí. Láti ìgbà tí Dùnníolúwa ti parí yunifásítì, tí iṣẹ́ kò sì yọjú, àárín wọn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń fi ohun tí ó lè ṣe pè é, tí kì í ṣe ohun tí kò ní.

Nígbà tí ìpàtẹ àwòrán wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ni, Màmá Moríkẹ́, tí ó ń gba orí afárá pákó kọjá pẹ̀lú atẹ edé ní orí. Òjìji méjì ni ó jáde láti ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú mọ́ra. Ìkejì fẹ̀, etí rẹ̀ pupa, ó sì ya sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá Godwin kò pè é sí kọ̀rọ̀. Ojú gbogbo ẹgbẹ́, lórí Wáásáàpù, ni ó kọ ọ́ sí: “Oòrùn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá. Ẹni tí òjìji rẹ̀ bá di méjì, kọ̀ǹpútà ni ó bí ìkejì. A kò gba ayédèrú níbí.” Àwọn kan fi àwòrán ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Ọ̀gá náà sì yọ iṣẹ́ Dùnníolúwa kúrò nínú ìpàtẹ.

Ayédèrú! Dùnníolúwa lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ ni yóò máa ṣàlàyé? Ohun tí ó kọ padà kò gùn: “Ẹ wá sí ìlú wa kí ẹ wò ó. Bí mo bá purọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́.” Wọ́n sì wá.

Ẹ́ńjìnnì tún dún. Wọ́n kọjá Mólútẹ̀hìn, wọ́n wọ ọ̀nà omi tóóró kan, abúlé wọn sì yọ: ilé pákó lórí òpó, afárá pákó láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọ̀pá irin gígùn kan dúró sójú omi, iná sì ń jó ní orí rẹ̀, ó ń bú bí ìjì tí kò mọ ibi tí yóò gbà lọ.

“Yéè! Ilé kan ń jóná!” Rejoice, ọ̀kan nínú wọn, pariwo.

“Ilé wa ni, Àǹtí,” Jóṣúà wí. “Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń jó. Kò tíì jó tán.”

Gáàsì ni kọ́ńpìnnì tí ń wa epo rọ̀bì ń sun níbẹ̀. Ọmọ abúlé náà ni Dùnníolúwa, iná yìí sì ni ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó mọ òṣùpá. Ní ìgbà èwe wọn, wọ́n ní orúkọ fún òjìji méjèèjì: ti oòrùn àti ti kọ́ńpìnnì. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a máa sá lé ara wọn lórí afárá, ẹni tí wọ́n bá tẹ òjìji kọ́ńpìnnì rẹ̀ ti kú nínú eré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọ yunifásítì ní Àkúngbá, oòrùn ń wọ̀, ó sì yí ẹ̀yìn padà láti wá òjìji rẹ̀ kejì. Kò rí i. Àyà rẹ̀ já, ó rò pé àìsàn ti wọ òun lára. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Màmá Moríkẹ́ ń tú edé sórí atẹ nígbà tí wọ́n gun orí afárá. Dùnníolúwa kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ewu omi o,” ìyá àgbà kí wọn. “Àwọn wo nìyí, ọma mi?”

“Àwọn tí wọ́n ní òjìji yín kì í ṣe méjì ni, Màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Mélòó ni wọ́n wá fún mi?”

Jóṣúà di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Godwin rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ pákó, níbi tí òjìji kan ṣoṣo ti tẹ̀ lé e bí ajá. “Àbúrò, kan ni mo rí,” ó wí.

“Ẹ dúró kí oòrùn rọlẹ̀, Ọ̀gá.”

Wọ́n dúró. Iná gáàsì ń mú kí òógùn bò wọ́n, oòrùn kò sì kánjú. Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ ní ìwọ̀ oòrùn, Dùnníolúwa sì ń wo ibẹ̀, ó ń wo ọ̀pá irin, ó tún ń wo ibẹ̀. Nígbà mìíràn, kọ́ńpìnnì a máa dín iná náà kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá dín in kù lónìí ńkọ́? Ó bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí iná má ṣe rọlẹ̀. Òun, ọmọ àwọn tí wọ́n ti gbààwẹ̀ títí pé kí Ọlọ́run pa iná náà! Inú bí i sí àdúrà náà, ó sì bí i sí ọkùnrin tí ó mú un gbà á. Síbẹ̀, kò dá àdúrà náà dúró.

Oòrùn já kúrò nínú ìkùukùu, ó pọ́n, ó rẹ̀, ó sún mọ́ omi. Nígbà náà ni ìkejì dé. Kò fò jáde. Ó rọra ń dúdú láti ara pákó bí omi tí ń wọ aṣọ. Ọ̀gá Godwin gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ méjì nà nílẹ̀.

Ó yọ fìlà. “Mo túúbá,” ó wí, gbogbo wọn sì gbọ́. “Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, ojú mi ti já mi kulẹ̀. Àwòrán rẹ ni a ó gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ìpàtẹ.”

Ohun tí Dùnníolúwa wá gbà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó dúró kí ayọ̀ dé. Díẹ̀ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ń fò sókè, wọ́n ń na apá, wọ́n ń dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀.

“Ó mà dùn o! Ẹ̀yin ará ibí ń jayé!”

“Màmá, ẹ bá wa gbé atẹ yẹn sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín.”

Rejoice yí kámẹ́rà sí ọ̀pá irin. Ọ̀gá Godwin dá a dúró. “Kọ ẹ̀yìn sí i. Iná yẹn á ba àwòrán jẹ́.”

“Báwo ni yóò ṣe bà á jẹ́?” Ohùn Dùnníolúwa le ju bí ó ti rò lọ. “Òun ni ó bí òjìji tí ẹ ń yà.”

“Mo mọ̀, àbúrò. Ṣùgbọ́n òjìji la wá yà. Ìwọ náà, ṣé iná wà nínú tìrẹ?”

Kò sí. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí iná kí àwòrán náà lè mọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ wo ni òun wá fi júwe rẹ̀? Ìbínú tí ó ti dì mọ́ ọkùnrin yìí láti Ìgbọ́kọ̀dá tú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò dì í mọ́.

Oòrùn wọmi. Òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kú. Èyí tí ó fẹ̀ ki sí i. Jóṣúà ń pè wọ́n sínú ọkọ̀. Rejoice, tí ó ń di àpò rẹ̀, béèrè pé: “Màmá, òjìji tó kù yìí, ìgbà wo ló máa ń lọ?”

“Kó lọ síbo?”

“Tí ilẹ̀ bá ṣú, Mà.”

Ọjà Ìgbọ́kọ̀dá ni ibi tí ó jìnnà jù tí Màmá Moríkẹ́ ń dé, kì í sì í sùn síbẹ̀. Ó gbé atẹ kalẹ̀.

“Ṣé ilẹ̀ ṣì ń ṣú lọ́dọ̀ yín?”

“Ó ń ṣú, Mà.”

“Kó ṣú tán? Kí èèyàn na ọwọ́, kó má rí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Lálaalẹ́?”

“Lálaalẹ́, Mà.”

Iná ń bú lẹ́yìn ìyá àgbà. “Mo rò pé ó ti tán láyé ni,” ó wí. “Mo ní bóyá ìgbà ló yí.” Ó wo ojú ọ̀run, tí ó pọ́n bí epo, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. “Ọkọ mi a máa fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà bọ̀ láti òkun.”

Dùnníolúwa rántí gbogbo ìsinmi tí ó ti wá sílé láti Àkúngbá, gbogbo ìròyìn tí ó kó wálé fún obìnrin yìí: olùkọ́, ìdánwò, ilé alájà tí èèyàn ń fi ẹ̀rọ gùn. Òru tí ó ń sùn nínú rẹ̀ níbẹ̀, òkùnkùn tí ó tutù, tí ó bo ojú, kò sọ ọ́ rí. Kò mọ̀ pé ìròyìn ni.

Àwòrán rẹ̀ ti gba orúkọ rẹ̀ padà. Yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ní Àkúrẹ́, àwọn ènìyàn yóò sì máa ka òjìji tí ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan, èjì. Ó jókòó ti Màmá Moríkẹ́ lórí pákó gbígbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, ohùn jẹ́jẹ́, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní Àkúngbá.