Ìyìn tí Mo Kọ fún Bàbá Nathan

Bí ó bá wá bínú ńkọ́? Rárá… ta ni í bínú sí ìyìn? Ìyìn ni mo kọ sínú ìwé ọwọ́ mi yìí, ìyìn tí ó ní ìdí. Síbẹ̀ Doyin, ọmọ mi, ní kí n má kà á. Òun àti Nathan, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń dúró dè mí ní Manhattan, ní òdìkejì omi. Bàbá Nathan wà pẹ̀lú wọn; láti Japáànù ni ó ti wá kí a lè mọ ara wa. Bí mo bá ba ìpàdé yìí jẹ́, Doyin ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ó ti sọ fún mi pé: “Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Japáànù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlà-Oòrùn. Ṣé òyìnbó ni ìwọ̀n gbogbo ayé ni?”

Ìwọ̀n kọ́. Ìdí ni! Èmi tí n kò rí ilé ìwé gíga wọ̀, mo dá ara mi kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkun ayé. Erékùṣù ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japáànù: ọ̀kan ní etí Yúróòpù, èkejì ní etí Éṣíà. Ìṣàn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń wẹ etíkun àwọn méjèèjì. Èbúté pọ̀ ní ibẹ̀… ilẹ̀ oko kò tó. Japáànù kò ní epo, kò ní irin tí ó tó nǹkan, ó sì ń kan ọkọ̀ fún gbogbo ayé! Òkun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ògiri, òkun náà ni wọ́n sọ di títì. Háà, ọmọ ènìyàn…

Férì, ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé mi lọ bá wọn, ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn ilé gíga Manhattan ń yọ láti inú omi bọ̀ — erékùṣù ni òun náà — ẹnu mi kò sì lè padé. Kí ni ó wà nínú omi tí ó ń sọ ilẹ̀ kékeré di ńlá báyìí?

Omi… Kí ni bàbá Nathan bi mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá? Nathan ni ó ń ṣe ògbufọ̀:

“Bàbá mi ń béèrè orúkọ odò ìlú yín, sà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ omi tí ìyàwó àwọn ti ṣẹ̀ wá.”

Ẹ̀rínlẹ̀, ni mo wí. Mo gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń pè é jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí ó fi tọ̀nà. Doyin ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn: “Daddy, wọ́n ti mọ̀ ọ́n pè jù mí lọ!”

Èmi ńkọ́? Mo mọ ìṣàn òkun rẹ̀. Mo mọ iye erékùṣù rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti bí i…

N kò béèrè.

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Ìmọ̀ ara mi ni mo ń yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tí ó dúró ní èbúté yẹn, n kò tíì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.