Ẹ Fún Un ní Òòyà Ná

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní irun dídì ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti onídìrí kan ló fara kanra.

Onídìrí náà bí ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ kò gba òjijì. Bí ìyá bá fẹ́ ya irun rẹ̀, á kọ́kọ́ fi òòyà lé e lọ́wọ́. Ọmọ á fi ya orúnkún ara rẹ̀ wò, á dá a padà, á sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fo ìyẹn, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ igbe.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ onídìrí, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì, ní àkẹ́bàjẹ́ ni. Òun ló tọ́ ọkọ náà dàgbà, ọkọ kì í sì í jiyàn níwájú rẹ̀. Ìgbín ló ń pe ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan ó gbé àpò wá, ó ní òun ń mú un lọ sílé òun kí òun lè tọ́ ọ. Ọkọ ti gbà. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Inú bí onídìrí, ó sì rò pé òun gbọ́n.

“Àǹtí, ẹ di irun rẹ̀ kí n rí i. Tó bá jókòó fún yín, ẹ máa mú un lọ.”

“Èmi tí mo ń po àpò ìyẹ̀fun kan kílẹ̀ tó mọ́, ṣé orí tí kò ju ọsàn lọ yìí ló máa ṣẹ́gun mi?”

Kò fún ọmọ ní òòyà kankan. Ó fi itan méjèèjì há a mọ́lẹ̀, ó ki òòyà bọ irun. Ọmọ figbe bọnu. Àǹtí fi ẹ̀yìn òòyà gbá a létí, ó tún gbá a. Igbe dá wáí. Ọmọ kò mira mọ́ títí Àǹtí fi di ìlà kan, tó sì di èkejì.

“Ìwọ náà rí i,” ni Àǹtí wí. “Ìyá tó dẹ̀ ni gbogbo àìsàn rẹ̀.”

Onídìrí wo ojú ọmọ. Ọmọ ranjú mọ́ ògiri, kò ṣẹ́jú. Ó fi òòyà mìíràn lé e lọ́wọ́. Ìka kò ká mọ́ ọn, ó já bọ́ sílẹ̀. Onídìrí fa ọmọ rẹ̀ yọ láàárín itan Àǹtí.

“Kò ní lọ.”

Ọkọ wá gbórí sókè. Ó ní ṣebí ẹnu ìyàwó òun náà ló fi ṣe àdéhùn.

“Ẹnu mi náà ni mo fi yẹ̀ ẹ́. Ẹ pè mí lópùrọ́, mo gbà. Ọmọ tó ń ké ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ni Àǹtí dì sí i lórí yìí.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Ó ní òun kò bá ìyàwó jà, àbúrò òun lòun ń bá sọ̀rọ̀: kó yan ẹni tó tọ́ ọ, tàbí ẹni tó ń tàn án jẹ.

Ọkọ dìde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ ń retí. Ó gbé àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ èjìká, ó yà fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń yà fún àga, ó tẹ̀ lé Àǹtí jáde. Kò bojú wẹ̀yìn.